Ìbọ̀wọ́ Tí Mo Tì Sínú Àpótí

Abúlé Wilakota,
Ẹkùn Puno.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹjọ.

Rufo ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì fi ẹnu ko Nayra ọmọ-ọmọ mi ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Ṣé ara yín le? Ṣé ìkùukùu Lima yẹn kò tíì fi ikọ́ ta yín lọ́rẹ? Àwa náà wà láàyè. Àwọn àgùntàn bí mẹ́rin, ọ̀kan kú. Ìrì dídì ti mú ọ̀dùnkún tí a sá síta dáadáa, mo ti fi ẹsẹ̀ tẹ omi inú rẹ̀ jáde, ó sì ti gbẹ. A ó rí jẹ títí ọdún yóò fi yí po. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká rí àìsàn tó ju agbára wa lọ.

Mo fẹ́ kí o jókòó kí o tó ka èyí tó kù. Mo gbọ́ pé o ti pe Anselmo awakọ̀ bọ́ọ̀sì ní olè, pé o ní bó bá tún fẹsẹ̀ kan Lima, ìwọ àti ọlọ́pàá ni ẹ ó jọ pàdé rẹ̀ ní garéèjì, nítorí ìbọ̀wọ́ tí o fi rán an sí bàbá rẹ. Rufo, fi ọkùnrin náà sílẹ̀. Kò jí nǹkan kan. Ìbọ̀wọ́ náà ti dé láti oṣù karùn-ún, pẹ̀lú ìwé tí o fi wé e. Bàbá rẹ ló parọ́ fún ọ, torí tèmi ló sì ṣe pa á. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù, torí o mọ̀ pé orí òkè nìkan ni fóònù ti ń gbọ́, gbogbo abúlé ló sì máa ń wà níbẹ̀ tí etí wọn á nà bíi ti ehoro. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ lẹ́tà yìí.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń rí mi lára. O mọ bí bàbá rẹ ṣe máa ń múra fún òtútù kó tó gun alùpùpù, ṣùgbọ́n o ti kúrò nílé tipẹ́, o ò mọ ibi tó bá a dé. Ìwé ìròyìn, mo gbà. Gbogbo ọkùnrin tó ń gun alùpùpù níbí ló ń kì í bọ àyà. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ kì í pààrọ̀ tirẹ̀. Ìwé kan náà ni láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù, òógùn á rin ín, á gbẹ, á tún rin ín, títí yóò fi rọ̀ bí ọ̀dùnkún jíjẹrà. Ó ní ìwé náà ti mọ àyà òun. Ó gé kẹ́ẹ̀gì òróró méjì láàárín, ó dè wọ́n mọ́ apá alùpùpù kí atẹ́gùn má baà fẹ́ sí i lọ́wọ́. Ìyẹn náà, mo gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jọ màlúù tó ki ìwo bọ garawa. Láílọ́ọ̀nù tó fi ń wé ẹsẹ̀ nínú bàtà, jẹ́ kí n má sọ òórùn rẹ̀, torí o lè máa jẹun lọ́wọ́.

Ọ̀rá yámà ni mi ò gbà. Yámà, ẹran ọlọ́rùn gígùn tó ru ẹrù wa títí ó fi kú lọ́dún tó kọjá, ọ̀rá rẹ̀ ni bàbá rẹ yọ́ sínú agolo, ojú fèrèsé ilé ìdáná mi ló sì gbé e sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wàràkàṣì tí mò ń tà. Ó ń fi pa ojú, ó ń fi pa etí, ó ń fi pa ọwọ́ dé ìgúnpá. Ọ̀rá náà ti kan, ó ti pọ́n bí ìtọ̀ ẹṣin. Lọ́jọ́ kan kòkòrò kú sínú rẹ̀, bàbá rẹ fi ìka yọ kòkòrò náà sọnù, ó sì ń pa á lọ! Ìrọ̀rí mi ń rùn, aṣọ ìbora mi ń rùn. Bó bá dì mọ́ mi, ńṣe ni mò ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹja. Mo ní, "Bàbá Rufo, ò ń rùn o." Ó ní, "Ìyá Rufo, òtútù kì í bá ẹni tó ń rùn ṣeré." Ó rò pé ọ̀rọ̀ ọgbọ́n lòun sọ.

Ọwọ́ kan náà yẹn ló fi ń hun fìlà Nayra. Ní ilé wa, o mọ̀ pé bàbá àgbà ló ń hun fìlà abetí-ajá tí yóò bo orí ọmọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ gẹ irun rẹ̀. Obìnrin á ran òwú, ọkùnrin á hun. Láti ìgbà tí o ti ní oṣù kẹwàá lẹ ó gbé ọmọ wá ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹyẹ wẹ́wẹ́ ló hun yí i ká, pupa àti funfun, kò sì sí ọkùnrin tó lè hun ẹyẹ bíi tirẹ̀ láti ibí dé etí adágún. Ṣùgbọ́n òwú tí mo fọ̀ mọ́ tónítóní, bó bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, òórùn agolo yẹn ti wọ̀ ọ́.

Nígbà tí ìbọ̀wọ́ rẹ wá dé, tí mo rí awọ dúdú tó ń dán, tí mo rí irun àgùntàn funfun nínú rẹ̀, inú mi dùn débi pé mo sunkún. Bàbá rẹ na ọwọ́ sí i. Mo gbá ọwọ́ náà dànù. Mo ní, "Ìwọ! Ọwọ́ ọlọ́ràá yẹn lo fẹ́ kì bọ nǹkan tí ọmọ mi rà? Lọ wẹ̀. Wẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí n gbóòórùn rẹ ná." Ó rẹ́rìn-ín. Mo ti ìbọ̀wọ́ náà mọ́ inú àpótí, mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn. Mo ní ọjọ́ ìgẹrun Nayra ni yóò wọ̀ ọ́, kí àwọn àna rẹ lè rí i pé àwa náà bímọ.

Ní oṣù kẹfà, ó tún bi mí. Lọ́tẹ̀ yìí kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òtútù ọdún yìí yàtọ̀, ìka òun ń kú bí òun bá dé orí òkè. Mo ní, "Bí o bá ti ń rùn bí èèyàn, wá gbà á." Kò bi mí nígbà kẹta.

Ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù keje ni ọ̀rọ̀ náà bẹ́. A gbéra lọ sí ọjà bí oòrùn ṣe ń yọjú, èmi lẹ́yìn rẹ̀, agbọ̀n wàràkàṣì lẹ́yìn mi. Gbogbo pápá funfun báláú. Ọ̀rá tó pa lọ́jọ́ náà tó ti ọjọ́ méjì, mo mọ̀ pé ó ṣe é láti fi bí mi nínú ni. Bí mo bá fi ojú pa mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, òórùn. Bí mo bá yọ ojú síta, òtútù á fẹ́ gé mi létí. Mo yan òtútù, mo sì ń bú u lọ.

Nígbà tí a dé téńté òkè, ó dúró. Ó ní ọwọ́ òun kò lè fa bíréèkì mọ́. Ó lóṣòó, ó ki ọwọ́ òsì bọ abíyá, ó gbé ọ̀tún lé ara ẹ́ńjìnì. Gbogbo wọn ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀, bàbá tó bí i náà ṣe é. Wọ́n á ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá, wọ́n á sì yí ọwọ́ padà kó tó jó wọn. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ kò rí àyè ka nǹkan kan lọ́jọ́ náà, torí pé mo dúró tì í, mò ń bá a jà. Mo ní òun ló bá ayé mi jẹ́, òun ló jẹ́ kí àwọn oníbàárà máa gbóòórùn wàràkàṣì mi kí wọ́n tó rà á. Òun náà ń dá mi lóhùn.

Òórùn kan wá gba imú mi, òórùn ẹran dídín. Mo dákẹ́ ìjà. Mo ní, "Hẹn-ẹn, Gumercinda ti tètè gbé agbada kaná lónìí o." O rántí Gumercinda tó ń din ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkè. Bàbá rẹ náà fa imú. Ó ní, "Àwo méjì ni màá jẹ, ìwọ lo sì máa rà á fún mi, torí èébú àárọ̀ yìí." Itọ́ ti kún ẹnu mi, Rufo. Mo gbé e mì.

Ìgbà náà ni mo rí èéfín. Abẹ́ àtẹ́lẹwọ́ bàbá rẹ ló ti ń jáde. Mo kígbe. Ó wo ọwọ́ náà bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn, ó fà á kúrò, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló kúrò. Awọ kù sára ẹ́ńjìnì, ó ń ká jọ, ọ̀rá yámà ń hó yí i ká. Kò tíì dùn ún. Ó bi mí pé, "Ṣé tèmi nìyẹn?"

Mo bì sórí ìrì dídì. Ó ti pẹ́ tí ọkùnrin yìí ti ń rí mi lára, ṣùgbọ́n ara èmi fúnra mi ló rí mi lára lọ́jọ́ náà, nítorí itọ́ tí mo gbé mì. Mi ò tíì fi ẹran dídín kan ẹnu láti ọjọ́ yẹn.

Èmi ni mo wa alùpùpù náà sọ̀kalẹ̀, èmi tí mi ò wà á rí ju inú pápá àwọn àgùntàn lọ. Bàbá rẹ ń pariwo sí mi létí, "Jíà kejì! Jíà kejì ni mo wí, Ìyá Rufo, kì í ṣe họ́ọ̀nù!" Nígbà tó yá, ọwọ́ náà jí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, ariwo rẹ̀ sì yí padà. Bí a ṣe ń kọjá, Gumercinda rí wa, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó na ṣíbí sókè, ó ní, "Ẹ wá wò ó o! Ìyàwó ti di awakọ̀, ọkọ ti di ẹrù!" Gbogbo àwọn tó ń jẹun níwájú rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Ní ilé ìwòsàn, ọmọbìnrin nọ́ọ̀sì náà fọ ọwọ́ rẹ̀, ó ń mi orí. Ó ní, "Bàbá, ẹ ò ní ìbọ̀wọ́ ni? Nínú òtútù yìí?" Kọ́kọ́rọ́ wà láyà mi lábẹ́ aṣọ, ó tutù rinrin. Mo la ẹnu, ṣùgbọ́n bàbá rẹ yá jù mí lọ. Ó ní, "A ò ní, ọmọ mi. Ọmọ wa fi ọ̀kan ránṣẹ́ láti Lima, awakọ̀ ni kò gbé e dé." Kò wo ojú mi. Irọ́ tó pa níbẹ̀ ló tún pa fún ọ nígbà tí o pè, torí gbogbo abúlé ló dúró tì í lórí òkè.

Èmi náà gbà á bẹ́ẹ̀. Odindi oṣù kan ni Anselmo fi ń kí mi lọ́jà tí mo sì ń dá a lóhùn, èmi tí mo mọ̀ pé wọ́n ń tìtorí mi pè é ní olè. Ẹ gbọ́ ìwà ìríra! Mo ń bú ẹni tó ń rùn lára, inú tèmi ló ń rùn. Lánàá, mo gbé wàràkàṣì méjì lọ bá a, mo sọ òtítọ́ fún un lójú ìyàwó rẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́. Kò gba wàràkàṣì náà. Ìwọ náà, Rufo, pè é, kí o tọrọ àforíjì, kí o pè é ní "ẹ̀gbọ́n".

Ìka méjì ní ọwọ́ ọ̀tún bàbá rẹ kò ká mọ́. Nọ́ọ̀sì ní kò dájú pé wọn yóò tún ká. Etí ni fìlà náà dé tó fi dúró. Ó gbìyànjú rẹ̀, abẹ́rẹ́ ń bọ́, ó ń mú un, ó ń bọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, ó ki fìlà náà sábẹ́ ìrọ̀rí, ó kọjú sí ògiri. Mo lọ fà á yọ. Èmi ni mò ń hun ún báyìí, kí àwọn obìnrin tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ jókòó tì mí, ó ń kọ́ mi, ó ń bú mi: "Ṣé ẹyẹ nìyẹn? Adìẹ tí ọkọ̀ tẹ̀ pa ni!" Bí ẹ bá dé, ẹ ó rí ojú ibi tí ọwọ́ rẹ̀ parí sí tí tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Afọ́jú pàápàá á mọ̀ ọ́n.

Mo ti mú ìbọ̀wọ́ náà jáde. Kò gba ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú báńdéèjì, ó sì ní, "Ìwọ lò ń wa máṣíìnì báyìí, wọ̀ ọ́." Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, kí n tó gbé e lọ fún ìtọ́jú, mo dúró níwájú agolo lójú fèrèsé. Mo ti ìka bọ̀ ọ́. Mo fi pa ojú, mo fi pa etí, mo fi pa ọwọ́. Mi ò ní purọ́ fún ọ, ó rí mi lára dé egungun. Bàbá rẹ ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà. Mi ò wẹ ọwọ́ náà. Bó ṣe wà ni mo ṣe kì í bọ ìbọ̀wọ́ rẹ, irun funfun inú rẹ̀ sì ti di rúsúrúsú.

Ọmọ mi, ọwọ́ rẹ kò ní kú mọ́ ọ lára. Iná tó o bá dá láti yá kò ní jó ọ. Nayra yóò dàgbà lójú rẹ, yóò sì rí ọ tọ́jú lọ́jọ́ alẹ́. Ẹ má fi ohunkóhun ránṣẹ́ sí wa mọ́. Ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ wá.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,

Eusebia.

Àfikún: Mo ti fọ fìlà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìdajì tèmi mọ́, kò ní òórùn kankan. Ìdajì tí bàbá rẹ hun ṣì ń rùn ọ̀rá. Bí ìyàwó rẹ bá fẹ́ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, jọ̀ọ́, sọ fún un pé kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.