Mo Ti Fi Tata Ránṣẹ́ Lórí Fóònù

Ọmọ mi, ọkọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ò wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù? Ọlọ́run á máa ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé rẹ. Àwa náà wà, àmọ́ tata ni kò jẹ́ ká gbádùn.

Nígbà tó o wà ní kékeré, inú pápá gbígbẹ lẹ́yìn òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n máa ń gbé, àwa a sì máa káàánú àwọn ará ibẹ̀. Ní báyìí òjò ti yíwà padà, tata náà ti kó ẹrù wá bá wa. Wọ́n jẹ koríko màlúù tán, wọ́n jẹ aṣọ ìnura bàbá rẹ lórí okùn, màlúù wa tó lóyún wá ń wò mí bíi pé èmi ni mo jẹ ẹ́.

Ọmọbìnrin kan wá láti ọ́fíìsì àgbẹ̀, ó fi àwòrán ilẹ̀ hàn wá nínú fóònù, ó ní ibi tó bá pupa ni tata wà. Ibi tiwa funfun báláú! Mo ní ṣé fóònù yẹn ò ríran ni, nígbà tí tata wà lórí gèlè rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ní kí n má bínú, kò tíì sí ẹni tó fi tó àwọn létí ni, kí n ṣáà fi tata ránṣẹ́ sí òun lórí fóònù, wọ́n á gbé oògùn wá.

Mo kó tata lé orí fóònù, wọ́n fò lọ. Mo kó òmíràn, mo fi òwú so wọ́n lẹ́sẹ̀ mọ́ ọn, mo pe nọ́ńbà rẹ̀. Kò sí èyí tó lọ. Bàbá rẹ ní bóyá wọ́n wúwo jù, kí n já ìyẹ́ wọn, mo ní kó jókòó jẹ́ẹ́. Bí ọmọbìnrin náà ṣe gbé e, mo pariwo pé ṣé wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́, ló bá gun alùpùpù padà wá, ó ya èmi àti tata ní fọ́tò.

Ibi tiwa ti wá pupa. Wọ́n fọ́n oògùn, tata ti dín kù. Àmọ́ oníṣòwò tó fẹ́ ra akọ màlúù wa rí pupa yẹn nínú fóònù tirẹ̀, ó ní màlúù ibi tí tata bá wà á ti rù, òun ò wá mọ́, bàbá rẹ sì ń bá mi jà pé èmi ni mo ba ilẹ̀ wa lórúkọ jẹ́. Ìwọ tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, bá wa nù ún díẹ̀, kó má pupa fòò mọ́, kó kàn pọ́n díẹ̀ bí ọsàn, kí oògùn ṣì máa wá, kí oníṣòwò náà sì máa wá.

Màlúù yẹn bímọ láàárọ̀ yìí. Ọmọ ti dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń fa ọmú tí kò sí nǹkan níbẹ̀. Jọ̀wọ́, fi owó koríko ránṣẹ́ kíákíá.

Ohun tó ń jẹ làálàá ẹni kò ní mọ ojúlé rẹ. Èmi ni ìyá rẹ tí inú ń bí, àmọ́ kì í ṣe sí ọ.