Ẹni Tó Ń Bá Mi Gun Máṣíìnì

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́, mo kí ìyàwó wa, mo sì kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn yín ti rọlẹ̀? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá yín lórí àga, kó má bá yín lórí ibùsùn àìsàn. Tiwa níbí dára, a dúpẹ́. Màmá ń jẹun, wọ́n ń sùn, wọ́n sì ń bá mi jà láràárọ̀, èyí tó fi hàn pé ara wọn dá ṣáṣá.

Lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ ní kí n ta máṣíìnì náà kí oṣù yìí tó parí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí n má pè yín ní ẹ̀gbọ́n mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí o. Mo sunkún díẹ̀, mo bínú púpọ̀, kí n tó mú gègé. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ̀gbọ́n tí mo ní, mi ò sì ní fi yín pààrọ̀ irin. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ tèmi. Ẹ fara balẹ̀ kà á, ẹ má fò ó. Tí ẹ bá kà á tán, tí ẹ ṣì ní kí n tà á, màá tà á.

Ẹ mọ̀ pé abúlé mẹ́rin ni mò ń gbẹ̀bí fún, ẹsẹ̀ ni mo sì ń fi rìn ín tẹ́lẹ̀. Lásìkò òjò tó kọjá, wọ́n wá pè mí sí abúlé tó jìnnà jù. Mo rìn, mo sáré, mo ṣubú sínú ẹrọ̀fọ̀, mo dìde. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, ọmọ ti dé, ó sì ti lọ. Ìyá ọmọ náà ò bú mi. Ó gbé ojú sókè lórí ẹní, ó ní, "Ẹ kú ìrìn o, nọ́ọ̀sì." Ẹ̀gbọ́n mi, ìkíni yẹn ló ra máṣíìnì. Kì í ṣe agídí, bí Màmá ṣe kọ ọ́ sí yín.

Kò sẹ́ni tó gbà fún mi. Màmá sọ ọ́ ní pósí ẹlẹ́sẹ̀ méjì, wọ́n sì búra pé àwọn ò ní fọwọ́ kàn án láéláé. Ọ̀rẹ́ mi onídìrí ní ta ló máa fẹ́ obìnrin tó ń la ẹsẹ̀ gun irin láàárín ọjà. Mo ní àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ńkọ́, mélòó nínú wọn ni wọ́n ti gbé níyàwó? Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Dókítà wa náà dá sí i, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, orí èèyàn kò ní sípéà o." Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo kó owó mi, mo lọ bá mẹkáníìkì.

Mẹkáníìkì náà ní ẹni tó ni máṣíìnì rìnrìn àjò, ló ṣe ní kí wọ́n tà á. Àgbàlagbà ni mí, ó yẹ kí n béèrè irú ìrìn àjò wo ni, ṣùgbọ́n ojú mi ti wọ̀ ọ́. Pupa ni, ìjókòó rẹ̀ gùn, fèrè rẹ̀ sì ń dún bíi pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ ọ lórí pápá iléèwé, mo so àpò iṣẹ́ mi mọ́ iwájú, mo sì bọ́ sójú ọ̀nà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Mo ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, mo gba àdúgbò kan tí mi ò gbà rí kọjá. Bí mo ṣe dé ẹ̀gbẹ́ ilé kan tí géètì rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, máṣíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Mi ò tẹ bíréèkì o. Ó rọra lọ títí, ó dúró wẹ́kú lẹ́nu géètì náà. Ìyá arúgbó kan jáde wá, wọ́n ń fọwọ́ tọ ògiri, torí ojú wọn méjèèjì ti fọ́. Wọn ò kọjú sí mi. Ẹ̀yìn mi ni wọ́n kọjú sí. Wọ́n ní, "O ti dé?" Mo tapá sí máṣíìnì, mo sá lọ bí olè.

Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ yẹn, bí mo tilẹ̀ fẹ́ gba ọ̀nà mìíràn. Mẹkáníìkì tú u palẹ̀, ó tò ó padà, ó ní, "Máṣíìnì yín yìí le ju èmi alára lọ."

Lọ́jọ́ kẹrin, obìnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì wá bá mi ní ilé ìwòsàn, ìyẹ̀fun ṣì wà lápá rẹ̀ méjèèjì. Ó ní ìyá afọ́jú yẹn ni ìyá òun, ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ló sì ni máṣíìnì náà nígbà ayé rẹ̀. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń ṣe búrẹ́dì, ẹ̀gbọ́n a máa gbé e kiri àwọn ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé e ṣubú nídìí ààrò láàárọ̀ ọjọ́ kan, oṣù kẹjọ rèé. Kì í ṣe máṣíìnì ló pa á o, Ẹ̀gbọ́n mi, kí ẹ má baà lọ sọ fún Màmá. Wọ́n sin ín láìsọ fún ìyá rẹ̀, torí ọkàn ìyá kò lágbára. Wọ́n ní ó rìnrìn àjò iṣẹ́ ni.

Obìnrin náà kúnlẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí ìró máṣíìnì ti tún ń dún lẹ́nu géètì ni ìyá òun ti ń jẹun yó. Ó ní kí n ṣàánú òun, kí n máa fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì tí mo bá dé ibẹ̀, torí bí ẹ̀gbọ́n òun ṣe máa ń fọn ún nìyẹn. "Ẹ ò ní sọ nǹkan kan. Ẹ kàn fọn ún, ẹ máa lọ."

Mo gbà. Ẹ má fi bú mi. Àwa agbẹ̀bí kì í ka irú irọ́ bẹ́ẹ̀ sí irọ́. Tí agbára obìnrin bá ń tán lọ lórí ìkúnlẹ̀, tó ń béèrè ọkọ rẹ̀, ohun tá a máa ń sọ ni pé, "Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń gbàdúrà fún ọ." Ọkọ lè wà nídìí ọtí o! Ṣùgbọ́n obìnrin á gbọ́ ọ, á tún agbára mú, ọmọ á yọ. Mo ti pa irọ́ yẹn títí, mi ò kà á mọ́. Mo rò pé irú rẹ̀ náà nìyí.

Fún bí ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo rẹ̀ ń lọ geere. Lẹ́yìn náà ni mo ṣàkíyèsí pé tí mo bá ti fọn fèrè tán, ìjókòó ẹ̀yìn máa ń rọ̀ wálẹ̀. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí èèyàn tó sanra bá gun ẹ̀yìn ẹni. Mo wẹ̀yìn, kò sẹ́nì kan. Mo ní ọ̀nà ni kò dáa.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kọ́ ló kí mi nílé káfíńtà kan. Ìyàwó rẹ̀ ń rọbí, òun fúnra rẹ̀ sáré wá pàdé mi, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin méjèèjì." Mo rò pé ìpayà ló mú un. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọmọ yọ, ìyàwó rẹ̀ gbá mi lọ́wọ́ mú, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí ọkùnrin tó tẹ̀ lé yín wá dúró síta. Ojú ń tì mí." Mo wo ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, àmọ́ òórùn búrẹ́dì gbígbóná kún gbogbo yàrá. Kí ni kí n ṣe? Obìnrin ń rọbí, kò sáyè àríyànjiyàn. Mo kọjú sí ẹnu ọ̀nà, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síta." Òórùn náà sì lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, mẹkáníìkì fi táyà ẹ̀yìn hàn mí. Ó ti jẹ tán pátápátá, ti iwájú sì dà bíi tuntun. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ta lẹ máa ń gbé kiri? Ẹni yẹn tẹ̀wọ̀n o." Ẹ̀rín ò pa mí. Àkókò yẹn náà ni Màmá kọ̀wé sí yín pé tí mo bá ti pa máṣíìnì nínú àgbàlá, ẹsẹ̀ ẹni méjì làwọn ń gbọ́. Òótọ́ ni wọ́n kọ. Èmi náà ń gbọ́ ọ. Mo kàn ń pariwo kí wọ́n lè rò pé àwọn ṣì í gbọ́ ni.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, mo pinnu láti jẹ́wọ́. Mo dé géètì náà ní nǹkan bí aago mẹ́rin, mo pa máṣíìnì, mi ò fọn fèrè. Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá, mo ní, "Ìyá mi, ẹ foríjì mí. Agbẹ̀bí lásán ni mí. Ọmọ yín kọ́ ló ń fọn fèrè. Ọmọ yín ti…"

Ìyá fọwọ́ wá ẹnu mi, wọ́n sì bò ó. Wọ́n ní, "Dákẹ́. Má jẹ́ kí ọmọ mi obìnrin tó wà lẹ́yìnkùlé gbọ́." Wọ́n ní láti ọjọ́ tó ti kú làwọn ti mọ̀, ìyá wo ni kò ní mọ̀? Àwọn kàn ń díbọ́n ni, torí ọmọ àwọn obìnrin rò pé òun ń dáàbò bo àwọn, ohun kan ṣoṣo tó sì ń gbé e dìde láàárọ̀ nìyẹn. Oṣù mẹ́jọ rèé tí ìyá àti ọmọ ń bẹ nínú ilé kan náà, tí oníkálukú ń gbé ẹkún mì kí èkejì má baà gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ èyí tó bà mí lẹ́rù jù. "Ọmọ mi ń tẹ̀ lé ìró máṣíìnì rẹ̀ bọ̀ wálé nírọ̀lẹ́. Mo máa ń jáde wá pè é pé kó wọlé, kó wá sinmi. Á sọ̀ kalẹ̀. Á gbé ẹsẹ̀ kan wọ inú géètì. Ìwọ á wá fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mejì." Mo ní ṣebí bó ṣe máa ń fọn ún nìyẹn. Wọ́n mi orí. "Ẹ̀ẹ̀kan ni tó bá dé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni tó bá ń lọ."

Ẹ̀gbọ́n mi, orí mi fò lọ. Nígbà ayé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ wọn obìnrin kì í sí nílé nírọ̀lẹ́ tó bá ń dé. Ti àárọ̀, tí wọ́n bá jọ ń jáde lọ, nìkan ló mọ̀, ohun tó mọ̀ ló fi kọ́ mi. Fún oṣù kan gbáko ni mo fi ń dúró lẹ́nu géètì ìyá ọlọ́mọ, tí mò ń bá òkú ọmọ rẹ̀ sọ fún un lójoojúmọ́ pé, "Màmá, mo ń lọ o." Mo bú sẹ́kún níbẹ̀. Mo ní kí ni kí n wá ṣe. Ìyá ní, "Lọ dé oríta, kí o yí padà. Fọn ún lẹ́ẹ̀kan péré. Má sọ̀rọ̀, má sì wẹ̀yìn."

Mo lọ. Láti oríta ni ìjókòó ẹ̀yìn ti rọ̀ wálẹ̀ bí kò ṣe rọ̀ rí, òórùn búrẹ́dì sì wà ní ọrùn mi gan-an. Mi ò wẹ̀yìn. Mo dé géètì, mo fọn ún lẹ́ẹ̀kan. Máṣíìnì mì, ìjókòó sì gòkè. Ìyá na ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n sì dì í bí ẹni tó di ọwọ́ ẹlòmíràn mú. Wọn ò fọwọ́ kan ògiri rárá. Wọ́n ń lọ tààrà, àfi bí ẹni tó ríran. Nígbà tí wọ́n dé etí gọ́tà, mo gbọ́ tí wọ́n ní, "Mo ti gbọ́, mo ti gbé ẹsẹ̀." Èmi kọ́ ni wọ́n ń dá lóhùn.

Ọmọ wọn obìnrin sáré jáde láti ẹ̀yìnkùlé. Bóyá fèrè ẹ̀ẹ̀kan yẹn ló gbọ́, bóyá ìyá rẹ̀ tó ń rìn láìtọ ògiri ló rí, mi ò mọ̀. Ó dúró gbagidi. Ìyá kọjú sí i, wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n ẹ ti wọlé. Wá, jẹ́ ká sunkún ẹ̀." Ẹkún tí wọ́n jọ sun lọ́jọ́ náà, mo gbọ́ ọ títí mo fi kọjá oríta. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Máṣíìnì sì fúyẹ́ lábẹ́ mi, èmi nìkan ni mo wà lórí rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n mi. Mo sọ fún yín lókè pé tí ẹ bá kà á tán, tí ẹ ṣì ní kí n tà á, màá tà á. Irọ́ ni. Mo pa á kí ẹ lè kà á tán ni, mo sì tọrọ àforíjì, torí mo ti jáwọ́ nínú irú irọ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní ta máṣíìnì yìí. Àwọn aboyún mẹ́tàlá ló ń retí mi ní abúlé mẹ́rin. Ẹ bínú sí mi bó bá ṣe wù yín, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣì máa jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi.

Ọlọ́run á ṣọ́ ìjáde yín, á ṣọ́ ìwọlé yín. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde nílé yín, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi wọlé padà. Ẹ bá mi fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu.

Èmi ni àbúrò yín obìnrin tó fẹ́ràn yín,
Agbẹ̀bí olórí kunkun.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù: Láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn tí mo ro gbogbo rẹ̀ fún Màmá, wọ́n wá dúró ti máṣíìnì. Wọ́n fi ìka kan kan ìjókòó ẹ̀yìn, wọ́n ní, "Kò sẹ́ni níbẹ̀ báyìí?" Mo ní kò sí. Wọ́n ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí n gbé àwọn lọ kí ìyá ọlọ́fọ̀ yẹn, kí n sì rọra wà á. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo sọ fún yín o.