Ẹni Tí Mo Fi Ọ̀dà Funfun Bò

Ṣọ́ọ̀bù Ògúnjìnmí Àtíìsì,
Ọ̀nà Ojo Àtijọ́, Agboju,
Amuwo-Odofin, Èkó.
Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Ọ̀wàrà.

Ẹ̀bùnlọlá ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrọ́jú àjò. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ìlera, kí ara rẹ le, kí ooru Abùjá má fi ìyà jẹ ọ́. Àwa náà wà lálàáfíà. Màmá rẹ ń kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Sunday sí Sunday lẹ̀yin méjèèjì jọ ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ṣé o mọ̀ pé nígbàkigbà tó o bá pè é, èmi ni mo máa ń yí ohùn rédíò wálẹ̀? Màá wá ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́fà báyìí tí mi ò gbọ́ ju "Ẹ káàárọ̀ sà, mo wà níbi iṣẹ́" lẹ́nu rẹ, ọkàn mi ò sì balẹ̀.

Ìgbà kẹrin rèé tí mo máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. Mo ti fa mẹ́ta àkọ́kọ́ ya. Enoch, ọmọ ìyá Margaret tẹ́ ẹ jọ ka ìwé, ń bọ̀ wá sí Abùjá láàárọ̀ ọjọ́ Friday, òun ni yóò mú un wá fún ọ. Mò ń kọ, mò ń dìde. Láti ìgbà tí mo ti jókòó, mo ti jáde lọ wo ògiri lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé sọ lórí Wọ́sáàpù, torí wàá kà á, wàá sì gbé fóònù sílẹ̀. Kíkọ ọ̀rọ̀ sára ọkọ̀ àti pátákó niṣẹ́ ọwọ́ mi, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Nǹkan tí mo ṣe rèé. Láptọ́ọ̀pù rẹ tó o fi sílẹ̀ nítorí pé bátìrì rẹ̀ ti kú, mo gbé e lọ bá Ṣínà tó ń tún fóònù ṣe ní Apple Junction, ó sì bá mi wá bátìrì mìíràn. Nígbà tí mo ṣí i, mo rí kátúùnù àwọn ará Japan yẹn nínú rẹ̀, Idà Olójú Méje, èyí tí ìwọ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń pariwo rẹ̀ kiri Festac, tẹ́ ẹ tún ń wọ àwòrán rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo wò ó. Kì í ṣe díẹ̀ o. Ọgọ́fà apá ni, mo sì wo gbogbo ẹ̀ tán, tèmi tawò ojú mi, tí mò ń ka Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sísàlẹ̀. Òjò oṣù tó kọjá ò jẹ́ ká lè kọ nǹkan kan sára ọkọ̀ táńkà agbépo ní Satellite Town, ìyẹn ló fún mi láyè.

Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ, Ẹ̀bùn, ẹ ti pọ́n nǹkan yẹn lé jù. Takuro tí ẹ sọ di òrìṣà yẹn, kí ló mọ̀ ọ́n ṣe ju ariwo lọ? Bí ọ̀tá bá ti lù ú ṣubú, á rántí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, á sunkún, á lọgun, agbára tuntun á sì dé. Lákọ̀ọ́kọ́, ó wú mi lórí. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án, mo sọ fún màmá rẹ pé ọmọ yìí máa tó lọgun, kò sì pẹ́ tó fi lọgun lóòótọ́. Màmá rẹ ní kí n jọ̀ọ́, kí n jẹ́ kóun gbọ́ ìròyìn. Ìjà kan ṣoṣo gba apá mọ́kànlá! Ní Agboju níbí, kí ìjà tó tó ìdá kan nínú ìyẹn, àwọn àgbà á ti là á, àwọn tó ń jà á sì ti mu omi. Ẹni tó bá sì kú nínú eré náà, má wulẹ̀ sunkún rẹ̀, ó ń padà bọ̀. Ìyá Takuro ńkọ́? Ní apá kìíní, ó ń fọ abọ́ lọ́wọ́ nígbà tọ́mọ rẹ̀ jáde nílé. A dé apá ọgọ́fà, kò sẹ́ni tó béèrè bóyá ó ti fọ̀ ọ́ tán.

Ti àwòrán wá ńkọ́? Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì jẹun, iṣẹ́ àrúmọ́jẹ ò lè fara pa mọ́ fún mi. Ọ̀pọ̀ ìgbà làwòrán dúró gbagidi, tó jẹ́ pé ẹnu nìkan ló ń mì. Mo rí ojú kan náà lára ọmọ ogun mẹ́ta, irun ni wọ́n kàn pààrọ̀. Bí èmi bá ṣe irú ẹ̀ sẹ́yìn táńkà, onítáńkà á ní kí n wá pa á rẹ́ kílẹ̀ tó ṣú. Orin rẹ̀ dùn, mi ò ní purọ́. Òkun tí wọ́n yà síbẹ̀ náà dáa. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, mò ń wò ó, mò ń bú u, ó sì kù díẹ̀ kí n dá a dúró ní apá ogún.

Ká ní mo dá a dúró ni, n bá má mọ ohun tí mo ṣe fún ọ.

Ní apá kọkànlélógún, Takuro dé etíkun kan. Bàbá arúgbó kan wà níbẹ̀ tó ń kọ orúkọ sára ọkọ̀ ojú omi. Fìlà rẹ̀ tẹ̀ sápá kan, ó fi búrọ́ọ̀ṣì há etí òsì, ó sì ń kùn sí ọ̀dà rẹ̀ bíi pé ọ̀dà ló ṣẹ̀ ẹ́. Ó kọ orúkọ sára ọkọ̀ Takuro, ó ní ọkọ̀ tí kò bá lórúkọ kì í mọ ọ̀nà ilé. Ó parí. Wọn ò fún bàbá yẹn fúnra rẹ̀ lórúkọ. Takuro ò dúpẹ́ tó dúpẹ́, kò sì tún mẹ́nu kàn án mọ́ títí tí eré fi tán. Ẹni kan ṣoṣo tó níyì nínú gbogbo eré náà, wọ́n lò ó fún ogún ìṣẹ́jú, wọ́n gbàgbé rẹ̀.

Mo mọ bàbá yẹn. Mo ti rí i rí. Ara ògiri ṣọ́ọ̀bù mi ni mo ti rí i.

Ṣé o rántí? Ṣáájú Àjíǹde lo bẹ̀ mí pé kí n yọ̀ǹda ògiri ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù fún ọ, o sì fi Sátidé méjì ya àwòrán sí i. Nígbà tí mo dé láti Satellite Town, mo rí arúgbó kan pẹ̀lú fìlà tó tẹ̀, mo ní ọ̀kan nínú àwọn oṣó inú kátúùnù rẹ ni. Pásítọ̀ Jayéọlá ń wá ògiri tí wọ́n máa kọ ìpàdé ìsọjí Àjíǹde sí, ó sì ní àwọn ọmọ ìjọ òun ń sọ pé àwòrán ẹ̀mí àìmọ́ ni. Mi ò bi ọ́ léèrè. O ti lọ síbi iṣẹ́, mo po ọ̀dà funfun, mo kùn ún lẹ́ẹ̀mejì kí ọ̀sán tó pọ́n. Nígbà tó o dé, o dúró síbẹ̀ pẹ̀lú báàgì léjìká, o ò tiẹ̀ gbóhùn sókè.

"Dádì, ẹ ò mọ ẹni tẹ́ ẹ kùn bò yẹn."

Èmi náà sì lanu, mo ní: "Àwòrán ọmọdé ni, wàá ya òmíràn."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, o gba iṣẹ́ Abùjá lọ. Nínú ọgọ́fà apá, nínú gbogbo àwọn akọni onídà wọ̀nyẹn, bàbá tó ń kọ orúkọ lọmọ mi yàn. Ojú tì mí, Ẹ̀bùn. Mo sunkún nínú ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí Bọ̀dá Akínyẹmí aládùúgbò wa wọlé, mo ní ọ̀dà ló ta sí mi lójú.

O lo ọ̀dà olóróró bí mo ṣe kọ́ ọ. Èmi wá gbé ọ̀dà olómi lé e lórí, mi ò fi sáńpépà ha á, torí ìkánjú. Ìwọ náà mọ̀ pé ọ̀dà olómi kì í di olóróró mú. Ohun tí mo fi ń bú àwọn oníṣẹ́ pálapàla lémi náà ṣe, òun ló sì yọ mí. Mo ti tún ọ̀rọ̀ ìjọ tó wà lára ògiri yẹn kọ sórí pátákó, ìsọjí ọ̀hún kúkú ti kọjá tipẹ́. Láti ọjọ́ Monday, mò ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti fóòmù fọ ògiri yẹn díẹ̀díẹ̀. Fìlà ti jáde. Kì í ṣe ti ará Japan. Fìlà mi aláwọ̀ búlúù ni, pẹ̀lú àbàwọ́n ọ̀dà tó wà níwájú rẹ̀ gan-an. Etí òsì ti jáde pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì. Ibi àgbọ̀n bá ọ̀dà funfun ṣí lọ díẹ̀, ẹ̀rù sì bà mí, ni mo bá dúró kí n tó dé ojú. Mo ti ta ọ̀rá bò ó nítorí òjò, òun ni mo ń dìde lọ wò.

Ìṣẹ́jú márùn-ún ni n bá fi tún àgbọ̀n yẹn yà, ṣùgbọ́n mi ò ní fọwọ́ kàn án. Iṣẹ́ rẹ ni. Mi ò rí kí bàbá tó bí mi bẹ ọmọ rẹ̀ rí, nítorí náà mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀ ẹ́. Mo ṣẹ̀ ọ́, má bínú. Bó o bá pè ní Sunday, ní kí màmá rẹ gbé fóònù fún mi. Bó bá di Kérésìmesì, wá sílé, wá ṣí ojú bàbá yẹn fúnra rẹ. Wá gbèjà Takuro rẹ náà, torí mo ti kọ àṣìṣe rẹ̀ sínú ìwé, ó kún ojú ewé mẹ́rìnlá, mi ò sì ní yọ ẹyọ kan kúrò níbẹ̀ torí pé mò ń bẹ̀ ọ́.

Ọwọ́ rẹ ò ní gbọ̀n. Ojú rẹ ò ní ṣú. Ẹni tí yóò mọ rírì iṣẹ́ rẹ ni Olúwa yóò máa gbé kò ọ́ lọ́nà. Ibi tó o bá kọ orúkọ rẹ sí, ẹnikẹ́ni ò ní fi ọ̀dà bò ó mọ́, àní èmi bàbá rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń retí ohùn rẹ,
Múyìwá Ògúnjìnmí.

Àfikún: Mo ti fẹ́ lẹ àpò ìwé yìí pa nígbà tí Pásítọ̀ Jayéọlá kọjá. Ó ká ọ̀rá sókè, ó wo ògiri títí, ó ní ta ni bàbá yìí gan-an. Mo ní èmi ni, ọmọ mi ló yà mí.