Àmín Tí Làtíìfù Ṣe: Ìkẹ́dùn sí Ìdílé Àkànbí láti Ọ̀dọ̀ Ẹgbẹ́ Aláìlẹ́sìn Peckham

Sí Mummy Mìsítúrà Àkànbí àti Rahmah, àbúrò olóògbé,

Ọkàn wa wúwo, àwa ọmọ Ẹgbẹ́ Aláìlẹ́sìn Peckham, bí a ti ń bá yín kẹ́dùn ikú Làtíìfù, alága wa, tó fi wá sílẹ̀ lójijì. Ọ̀fọ̀ ọmọ kì í rọrùn lẹ́nu ẹni tó ń kí ìyá. Mummy, ẹ kú ìfaradà. Rahmah, o kú ìtọ́jú Mummy.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni Làtíìfù lójú ọ̀nà Old Kent Road, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Ó fi mọ́ṣáláṣí sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi ènìyàn sílẹ̀. Nígbà tí onílé lé Ẹgbẹ́ Ẹ̀tọ́ Ìfẹ́ jáde, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, òun ló ní kí wọ́n máa bọ̀ wá sí gbọ̀ngàn wa nítòsí Peckham Rye. Àwọn kan nínú wa kùn pé kí ló kàn wá. Ó ní, “Àwa, wọ́n lé wa nílé torí a ò gbàgbọ́. Àwọn, wọ́n lé wọn torí ẹni tí wọ́n fẹ́ràn. Ṣé kì í ṣe ilẹ̀kùn kan náà ni wọ́n tì mọ́ gbogbo wa? Ẹ jẹ́ ká jọ wọlé, jàre. It's cold outside!”

Ìpàdé àkọ́kọ́ tí a jọ ṣe ni kò ṣeé gbàgbé. Òfin wa ni pé a kì í gbàdúrà nínú gbọ̀ngàn náà. Àjíṣafẹ́, tó ṣáájú àwọn àlejò, kò mọ̀. Nílé tí wọ́n ti tọ́ ọ, ìpàdé kì í bẹ̀rẹ̀ láìsí àdúrà, ló bá dìde, ó tẹ́wọ́, ó ń tọrọ àánú Ọlọ́run fún gbogbo wa. Bó ṣe parí ni Làtíìfù nìkan pariwo pé, “Àmín!” Alága aláìlẹ́sìn! Ẹ̀rín sọ, àárín wa sì gún láti ọjọ́ náà. Nígbà tí a bi í, ó ní, “Mi ò ní faith, but mo ní home training. Ẹni tó gbàdúrà fún mi, rere ló fẹ́ fún mi.”

Mummy, ẹ rán Rahmah sí wa pé ẹ ń wá ibi tí ẹ ó ti ṣe fìdáù rẹ̀, níbi tí ẹbí àti gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò ti jókòó pọ̀ láìlé ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹ ń bẹ̀rù òfin wa. A pe ìpàdé lánàá. A ti múra sílẹ̀ fún ìjà, kò sí ìjà! Gbogbo ọwọ́ ló nà sókè, tàwa, tàwọn Ẹ̀tọ́ Ìfẹ́, pé kí ẹ wá ṣe fìdáù náà ní gbọ̀ngàn wa, tàdúràtàdúrà. Ẹ má bínú pé ayọ̀ ń yọ́ wọnú ìwé ọ̀fọ̀ yìí. Kò ṣeé pa mọ́ra. Ẹ mú Uncle Yaqub bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú kó wá ṣáájú àdúrà. Àjíṣafẹ́ àtàwọn tirẹ̀ yóò tẹ́ ẹní, àwa yóò se oúnjẹ. Lẹ́yìn ọjọ́ náà pẹ̀lú, ẹ ò ní dá wà.

Àwa kì í gbàdúrà, a ò sì ní torí ọ̀fọ̀ purọ́. Ọlọ́run tí ẹ̀yin ń ké pè, kí ó tù yín nínú, kí ó dá yín sí fún Rahmah, kí ó má jẹ́ kí ẹ tún rí irú èyí mọ́. Bí Uncle Yaqub bá parí lọ́jọ́ Àìkú, ẹ tẹ́tí sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Ẹ ó gbọ́ Àmín wa. Ọmọ yín ló kọ́ wa.

Jọmílójú Adékúnlé,
Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́