Ọ̀pọ̀lọ́ Tí Ìyá Kékeré Gbé Lọ sí Ọsibítù

Ìyá mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà lọ́hùn-ún? Ṣé wọ́n ń jẹ́ kí ẹ sinmi? Ẹ dákun, ẹ jókòó dáadáa, ẹjọ́ àwọn ẹbí yín ni mo wá rò.

Wọ́n ti gbà pé ebi ń pa mí. Mo wálé láti láàbù yunifásítì, mo wọ bàtà rọ́bà, mo gbé garawa, mo ń lé ọ̀pọ̀lọ́ kiri etí odò. Kí n tó délé, ìròyìn ti gba Ọ̀mù-Àrán kan: ìlú ti le débi pé ọmọ Ìyá Tíṣà, tó kàwé kàwé, ti ń jẹ ọ̀pọ̀lọ́! Iṣu àti gààrí kún ẹ̀yìn ilẹ̀kùn mi. Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fẹ́ bó, wọ́n kàn ń káàánú mi ni. Mo jẹ iṣu náà ṣá o. Iṣu Ìsánlú-Ìsin, ta ni yóò kọ̀ ọ́?

Inú omi ìdọ̀tí ni ọ̀pọ̀lọ́ ń gbé, síbẹ̀ egbò rẹ̀ kì í sábà kẹ̀. Èròjà kan wà lára awọ rẹ̀ tó ń pa kòkòrò àrùn. A fẹ́ mọ bó ṣe tò, kí àwa fúnra wa lè máa so ó pọ̀ ní láàbù, ẹyọ kan tẹ̀lé òmíràn, bí ẹni ń sín ìlẹ̀kẹ̀, ká má yọ ọ̀pọ̀lọ́ lẹ́nu mọ́. A ó sín in dé ìdajì, iná á lọ, gbogbo rẹ̀ á bàjẹ́. Ọlọ́run ló mọ ohun tí kò jẹ́ kí n tíì ya wèrè.

Wàhálà mi gan-an ni Ìyá Kékeré, àbúrò yín tó wà ní Àrándùn. Egbò yọ sí i lẹ́sẹ̀. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń tú kápúsù pupa àti yẹ́lò nì, tí ẹ ó da ẹ̀tù rẹ̀ sójú egbò? Ẹ ń dà á sómi adìẹ pàápàá! Ohun tí òun náà ń ṣe nìyẹn. Kòkòrò ti mọ oògùn yẹn lójú, kò bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Bó ṣe kọ̀ tí kò ran egbò tiyín nìyẹn, tí a fi sin yín. Ẹ̀rù bà mí, Ìyá mi. Mo bẹ̀ ẹ́ kó lọ sí ọsibítù, ó fárígá, àfi oògùn ọ̀pọ̀lọ́ ọmọ òun. Inú abọ́ dígí nìkan ni tiwa ti ń pa kòkòrò, a kò tíì fi kan ara ènìyàn rí. Ta ló fẹ́ gbọ́?

Nígbẹ̀yìn ó gbà, bí ọ̀pọ̀lọ́ bá máa bá a lọ. Ó gbé e sínú ike, ó lu ihò sí ìdérí, ó gbé e ka tábìlì dókítà. Ọ̀pọ̀lọ́ fò mọ́ nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì gun àga! Dókítà ní sùúrù o. Ó fọ egbò náà, ó yẹ kòkòrò rẹ̀ wò láti mọ oògùn tó ṣì ń bẹ̀rù, ó sì rí ẹyọ kan. Egbò ti jinná. Ìyá Kékeré dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó dárúkọ ọ̀pọ̀lọ́, kò dárúkọ dókítà.

Lánàá ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá síbi ibojì yín. Ó wo ibojì, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ló bá bú sẹ́kún, ó ń bi mí ìdí tí mi ò fi lé ọ̀pọ̀lọ́ nígbà tiyín.

Èmi ni, ọmọ yín tí àárò yín ń sọ gan-an.