Orúkọ Yín Wà Lẹ́rẹ̀kẹ́ Ọmọ Mi

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ojú lọ́nà wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Pọ́tákọ́ọ̀tù níbí. Mo kí Bàbá, mo kí àwọn ìyàwó ilé. Múfútáù àbúrò mi tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí, kó rọra kà á, kó má fo ibì kankan.

Òjò ìlú yìí kì í sinmi. Mo máa ń jókòó sídìí maṣíìnì ìránṣọ mi ní Rumuola, màá wo omi bó ṣe ń ṣàn lójú fèrèsé, màá gbàgbé aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ ń lọ, owó rẹ̀ ń tó wa jẹun. Ọkọ mi ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Borokiri, níbi tí à ń gbé. Ẹ mọ̀ pé adití bíi tèmi ni.

Àwọn tó ń kọ̀wé wálé máa ń sọ pé àjò mú àwọn dá wà. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀, Ìyá. Ilé ni mo ti dá wà. Lágbàlá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo yín á rẹ́rìn-ín, èmi náà á wá rẹ́rìn-ín tẹ̀lé e, láì mọ ohun tó pa yín lẹ́rìn-ín. Ìyá, ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń fẹsẹ̀ janlẹ̀ kí n lè mọ̀ ọ́n lára pé ẹ̀ ń pè mí.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé àárín àwọn adití ní Elekahia, nínú ṣọ́ọ̀bù onípákó kan, mo kọjú sí fèrèsé. Ẹnì kan fẹsẹ̀ janlẹ̀, pákó sì gbọ̀n dé àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Mo yíjú kíá, mo rò pé ẹ̀yin lẹ dé. Obìnrin Ìkwéré kan ni, ó ń pè mí wá jẹun. Mo bú sẹ́kún. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé báyìí ni gbogbo wa ṣe ń pe ara wa.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ní ìlú. Kalabari, Ìgbò, Yorùbá, ọwọ́ la fi ń sọ̀rọ̀. Tí ọkọ̀ ojú omi bá ń gbé ọ̀rẹ́ wa kan lọ, àwa tó wà létí omi á máa bá a sọ̀rọ̀ títí yóò fi kéré lójú, tí ọwọ́ rẹ̀ á dà bí ẹyẹ lórí omi. Nígbà mìíràn tí mo bá sùn, ẹ̀yin ni mo máa ń rí nínú ọkọ̀ yẹn. Ẹ̀ ń fọwọ́ bá mi sọ̀rọ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì ń yé mi.

Múfútáù fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù pé ẹ fẹ́ wá mú Ràfíátù, ọmọ mi tó jẹ́ adití bíi tiwa, lọ sílé, kí àfáà máa fún un ní omi hàǹtú mu títí etí rẹ̀ á fi ṣí. Ó ní ẹ̀ ń sunkún. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ẹ máa bọ̀, kí àfáà sì ṣàdúà fún ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ má mú un kúrò lọ́dọ̀ wa. Tó bá dé àgbàlá yẹn, yóò máa rẹ́rìn-ín tẹ̀lé ẹ̀rín bíi tèmi. Níbí, ó ń fọwọ́ tọrọ omi, ó ń jà sí ẹran, ó ti ń parọ́ pàápàá, ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró.

Láàárín wa, èèyàn kì í sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ló ń fún un ní orúkọ tí a ó máa fi ọwọ́ pè. Ràfíátù ti fún yín ní tiyín. Tó bá ti rí fọ́tò yín lára ògiri, á fa ìka mẹ́ta wálẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, bí pélé yín ṣe rí. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ yìí, ó sì nawọ́ sí ilẹ̀kùn.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kó mú yín dé láyọ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àtèwe àtàgbà. Ilé onípákó ni tiwa náà. Tí ẹ bá dé, ẹ má kanlẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Ẹ wọlé, kí ẹ fẹsẹ̀ janlẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Ọmọ yóò yíjú, á sì pè yín lórúkọ.

Èmi ni ọmọ yín,
Sẹ́kínátù