Olóṣèlú Tó Ṣèlérí Ọkọ fún Àwọn Obìnrin PK12

Títílọpẹ́ ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ooru àdúgbò Avéa láàárín ìlú níbẹ̀, mo sì kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jọ ń gbé inú ilé. Ọlọ́run tó gbọ́ ti Hánà nígbà tí ètè rẹ̀ nìkan ń mì tí ohùn kò jáde, á gbọ́ tìrẹ náà láìjẹ́ pé o pariwo. Bí o bá ń béèrè wa, a wà láàyè. Ẹsẹ̀ ṣì ń dun bàbá rẹ, òjò ń rọ̀ ní PK12 wa lẹ́yìn ìlú níbí bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́, adìyẹ funfun yẹn sì ti pamọ. Awakọ̀ tàkísí tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa ni mo fi lẹ́tà yìí rán, torí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gùn, bí mo bá sì ní kí n sọ ọ́ lórí fóònù, ìwọ á ní Màmá ẹ dúró ná, mò ń bọ̀ wá pè yín, ó sì di ọdún Kérésì.

Mo gbọ́ pé o ń sunkún nítorí pé ọ̀gá rẹ, Mìsíọ̀ Jean-Claude, fìdí rẹmi nínú ìdìbò ìgbìmọ̀ ìlú. Mo sì gbọ́ pé Mìsíọ̀ Thierry tó borí rẹ̀ ti ránṣẹ́ sí ọ pé kí o wá máa kọ ọ̀rọ̀ tí òun náà á máa sọ, o wá ń bi mí léèrè ohun tí mo rí sí i. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ro ohun tí ojú mi rí fún ọ, torí pé inú ọ́fíìsì ni ìwọ wà, èmi ni mo jókòó sórí àga ike.

Ká má parọ́, iṣẹ́ rẹ yìí kò tíì yé mi. Ọkùnrin tó lọ sí yunifásítì, tó ní ìyàwó, tó ní ẹnu, tó ní ahọ́n, ọmọ tèmi ni yóò tún máa sọ ohun tó fẹ́ sọ fún un. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì bi mí pé iṣẹ́ wo ni o ń ṣe, mo ní dókítà ẹnu ni ọ́. Wọ́n kí mi kú oríire, ẹnì kan sì ní eyín ń dun òun.

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá rẹ kọ́kọ́ wá, wọ́n ta tapólì sí pápá, wọ́n to àga, wọ́n wá bẹ̀ mí pé kí n kó àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wá kí àga má baà ṣófo. Mo ní ṣé ẹ mọ̀ pé ọmọ Nàìjíríà ni ọ̀pọ̀ nínú wa, àlejò ni wá nílẹ̀ yìí, a ò ní káàdì ìdìbò. Wọ́n ní àga kì í béèrè káàdì. A bá jókòó.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni a bá lọ, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Lásìkò òjò tó kọjá, ìrọbí mú Célestine, ọmọ Régine aládùúgbò wa tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀, kò sì sí tàkísí kan tó gbà láti wọ inú ẹrẹ̀ àdúgbò yìí. Bárò ìkó-yanrìn la fi tì í dé etí títì, ibẹ̀ ló sì bí sí, lábẹ́ tapólì Ìyá Sheriffdeen, opó tó ń ta búrẹ́dì, lójú gbogbo ẹni tó ń lọ sí PK8. Ọmọ náà yè, ọpẹ́ ni fún Olúwa. Ṣùgbọ́n Régine kò gbàgbé pé táyà ni ọmọ-ọmọ òun kọ́kọ́ rí láyé kó tó rí nọ́ọ̀sì.

Mìsíọ̀ Jean-Claude gorí pèpéle, ó mú fóònù kan jáde tó fẹ̀ tó àwo ìjẹun. Ó kàwé díẹ̀, ó fi ìka nù ún láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ó tún kà, ó tún nù ún. Mo ní áà, eruku ti bo nǹkan ọkùnrin yìí, mo bá ní kí wọ́n bá mi gbé aṣọ ìnujú mi fún un. Ó dúpẹ́, ó fi nu iwájú orí, ó sì ń fi ìka nu fóònù rẹ̀ lọ. Ohun tó ń kà, Faransé ni. Mo bi Régine pé kí ló ń sọ. Régine tí wọ́n fi Faransé wẹ̀ láti kékeré ní òun náà ń dúró kó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ìdàgbàsókè wà níbẹ̀, ìlànà wà níbẹ̀, àjọṣepọ̀ pọ̀ níbẹ̀ bí iyanrìn, ṣùgbọ́n kò sí ènìyàn kan ṣoṣo níbẹ̀. Bàbá rẹ tí ẹsẹ̀ kì í jẹ́ kó fojú ba oorun, ó sùn fọnfọn, ó ń han-an-run. Nígbà tó jí, ó ní òṣèlú yìí dára púpọ̀, kí wọ́n máa gbé e wá ní alaalẹ́.

Ó wá kan ibi tí o ti kọ Yorùbá fún un. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ ni o kọ, ọkọ̀ tí ń gbé èrò, torí èmi ni mo kọ́ ọ ní àmì ohùn kí olùkọ́ kankan tó fojú kàn ọ́. Ó gbé ojú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́, ó na ọwọ́ sí àwa obìnrin, ó ní:

“Màá fún yín ní ọkọ.”

Ìyá Sheriffdeen ló kọ́kọ́ dìde. Ó béèrè bóyá àwọn ọkọ náà ní ilé tiwọn ni, àbí inú yàrá kan ṣoṣo tí òun ní ni wọ́n máa kó sí. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́, wọ́n jó. Ọ̀gá rẹ rò pé ọ̀rọ̀ òun ti wọ̀ wá lára, ó bá tẹ̀ síwájú: ọkọ tuntun ni, ọkọ tó lágbára ni, ọ̀kan ni gbogbo yín á jọ máa lò, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìyàwó rẹ̀ jókòó lẹ́yìn rẹ̀ lórí pèpéle, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń fi fóònù gbé gbogbo rẹ̀ lọ sórí Fesibúùkù. Mo yọjú wò ó, mo rí ọkàn pupa wẹẹrẹ tó ń fò lọ sókè nínú gíláàsì, mo ní ọkàn àwọn ta nìyí, ó ní ọkàn àwọn tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà ni. Mo gbàdúrà pé kí Ọlọ́run dá olúkúlùkù padà sí àyà ẹni tó ni ín.

O ní ọ̀gá rẹ kígbe mọ́ ọ lẹ́yìn ìyẹn pé o fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ mi, àmì yẹn wà níbi tí o fi í sí. Bàbá rẹ ní ọ̀gá rẹ fúnra rẹ̀ ló fi ìka nù ún dànù.

Kò pẹ́ sí i ni Mìsíọ̀ Thierry náà dé. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé ń wádìí ohun tó ń mú kí òṣèlú kan dùn-ún gbọ́ kí òmíràn sì dà bí ẹ̀bà àná. Ẹ ò bá ti bi wá. Ọkùnrin yìí ò gorí pèpéle rárá, ó wọ bàtà funfun sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ó pè mí ní Màmá Morìnsọ́lá, orí mi wú, àfi ìgbà tí mo rí ẹni tó ń sọ ọ́ sí i létí láti ẹ̀yìn. Ó jẹ nínú búrẹ́dì Ìyá Sheriffdeen, ó ní irú rẹ̀ kò sí ní Paris. Ó sọ ìtàn ìyá rẹ̀ àgbà tó máa ń ru ẹ̀gẹ́ lọ sọ́jà lẹ́sẹ̀ lásán, ó sì sunkún. Gbàrà tí ẹni tó ń ya fídíò sọ fóònù kalẹ̀ ni omijé náà gbẹ. Mi ò tíì rí omi tó gbọ́ràn tó bẹ́ẹ̀. Ó wá ṣèlérí reluwé fún wa, pé yóò máa dúró gẹ́lẹ́ níwájú ìsọ̀ búrẹ́dì. Kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí irin rẹ̀ máa gbà. Ọwọ́ ń dùn wá, a ṣì ń pàtẹ́wọ́. Bàbá rẹ kò sùn ní ìṣẹ́jú kan, ó dé ilé, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sì bú ọkùnrin náà di òwúrọ̀.

Nígbà tí ìdìbò kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀gá rẹ tún padà wá. Wọ́n ti sọ fún un pé ọkọ kọ́ ni, ó wá tún un ṣe. Ó mí kanlẹ̀, ó dijú, ó ní ohun tí òun fẹ́ fún wa gan-an ni ọkọ́. Bàbá rẹ dìde, ó ní ìyẹn gan-an ni òun ń wá, ẹ̀rúkọ́ tòun ti kán.

Mo rí i pé bí a bá fi ọkùnrin yìí sílẹ̀, ó lè kó ọ̀kọ̀ bá wa, ogun á sì bẹ̀rẹ̀. Mo dìde. Mo fi Faransé ọjà mi sọ fún un pé Mìsíọ̀, ẹ ti pín ọkọ, ẹ ti pín ọkọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ mi kọ fún yín ni èyí tó ń gbé aboyún dé ilé ìwòsàn. Mo ní kí Célestine gbé ọmọ rẹ̀ dìde kí ó rí wọn. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó gbé fóònù ńlá náà sórí àga, ó rìn wá bá Célestine, ó ní kí ó sọ bó ṣe jẹ́. Célestine sọ ọ́, ó dé orí táyà. Ọ̀gá rẹ wo ẹrẹ̀ tó yí bàtà rẹ̀ ká. Lẹ́yìn náà ó ní:

“Ọkọ̀ kò sí. Bí mo bá tiẹ̀ rí i, ẹrẹ̀ yìí á gbé e mì. Gọ́tà la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbẹ́, ó sì máa pẹ́.”

Títí, àwọn tó wà lẹ́yìn gbé àga wọn sún mọ́ iwájú. Bàbá rẹ kò sùn. Ẹ̀rù ni ó ba àwọn ará ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, wọ́n wo ara wọn bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, ọ̀kan sáré lọ tan orin, ariwo sì bo ọkùnrin náà mọ́lẹ̀ níbi tó ti ń ṣàlàyé ibi tí omi máa gbà.

O mọ bí ìdìbò ṣe lọ. Régine fúnra rẹ̀, ìyá Célestine, Mìsíọ̀ Thierry ló dìbò fún. Mo bi í léèrè, kò tijú. Ó ní òun mọ̀ pé irọ́ ni reluwé, ṣùgbọ́n irọ́ náà ní fèrèsé, ó ní ìjókòó, òun sì ti rí ara òun nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ-ọmọ òun. Pé òótọ́ ọ̀gá rẹ, ẹrẹ̀ nìkan ló wà nínú rẹ̀.

Ohun tí o kò tíì gbọ́ nìyí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, a dúró sí etí títì, a ń dù tàkísí bí a ti máa ń ṣe, àfi bí Mìsíọ̀ Jean-Claude ṣe yọ sí wa. Òun nìkan ló wà, ẹrẹ̀ dé orúnkún ṣòkòtò rẹ̀. Ẹgbẹ́ ti gba mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Sheriffdeen ní òun ṣì ń retí ọkọ tòun o. Ó rẹ́rìn-ín, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ní eyín. Ó ní òun wá wo ojú ọ̀nà omi náà lẹ́ẹ̀kan sí i, torí pé òun kò parí ọ̀rọ̀ òun lọ́jọ́ yẹn. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, pẹ̀lú igi tó fi ń fa ilà sí ilẹ̀: ibi tí omi ti ń wá, ilé ẹni tó dí i, ibi tí a lè gbà á kọjá láìwó ilé ẹnikẹ́ni. Kò wo fóònù, kò bẹ̀ wá ní nǹkan kan. Ọmọ mi, tàkísí kan dúró, ó fun fèrè, kò sẹ́ni tó yíjú sí i. Èkejì dé, ó lọ lófìfo. Ní PK12 o, níbi tí a ti ń ya aṣọ mọ́ ara wa lọ́rùn nítorí ìjókòó.

Ní ti Mìsíọ̀ Thierry, ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀, mi ò mọ ohun tó fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe. Bàbá rẹ ní ó ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù lọ́jọ́ tí reluwé kò bá dé ni, á ní ọmọbìnrin tó kọ ọ́ ni kò fi àmì sí i. Èmi ò ní kí o má gba iṣẹ́, ilé tí o háyà kì í gbọ́ àwáwí. Ṣùgbọ́n kí o tó dá a lóhùn, wá sílé ní Sátidé. A fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gọ́tà náà láti ẹnu ọ̀nà Régine. Régine ti wá ṣọ́bìrì méjì. Mìsíọ̀ Jean-Claude ní òun á wà níbẹ̀. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kò ní sí gbohùngbohùn.

Jọ̀wọ́, fi owó bàtà òjò ránṣẹ́ fún èmi àti bàbá rẹ, àti ti òróró ẹsẹ̀ rẹ̀. Má fi í sínú fóònù mọ́. Ti ìjẹta tí o ní o ti fi ránṣẹ́, mo tú ẹ̀yìn fóònù náà pátá, bátìrì nìkan ni mo bá níbẹ̀. Fún awakọ̀ yìí lówó, kí o sì ka iye rẹ̀ lójú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ á máa bọ́ ọ, o ò ní kó o jẹ. Níbi tí o bá ti lanu, ènìyàn á gbọ́. Níbi tí ó bá yẹ kí o pa ẹnu mọ́, Ẹ̀mí Mímọ́ á bá ọ dì í mú. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Ó ti sùn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Morìnsọ́lá